Kí ṣọ́ọ̀bù tó di gbèsè: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Owódé máa ṣọ́ nídìí ilé tó ń kọ́

Bí èèyàn bá gba Síun wọ Owódé Ẹ̀gbá, tó sì ti ibẹ̀ forí lé Òfàdà títí tó fi já sí Mowe lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ohun tí yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì ni òkìtì yanrìn, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sójú oòrùn àti ilé tí wọn ò tíì kàn lórí. Láyé ọjọ́un, ìrẹsì Òfàdà lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé yìí. Ìrẹsì ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ àti ilé ti di ọjà ńlá báyìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí Èkó ti há mọ́ ló ń wá ibi tí wọn yóò kọ́lé sí.

Kì í ṣe olówó ńlá nìkan ló ń kọ́lé níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ìrẹsì ní àpò-àpò, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, aránṣọ àti olóúnjẹ, gbogbo wọn ló fẹ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù àyágbé bọ́ sí tara wọn. Fún irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀, ilé yìí ni òwò tó tóbi jù tí wọ́n máa ṣe láyé wọn. Owó àjọ, owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti èrè ọdún mẹ́wàá lè wọ inú ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí àṣìṣe kan níbi ìkọ́lé fi lè kó gbogbo ọjà èèyàn lọ, kó tún kó gbèsè àti ẹjọ́ lé e lórí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ewu máa ń gbà wọ ibi ìkọ́lé: ó lè gba orí ilẹ̀ wá, ó lè gba ọwọ́ olè wá, ó sì lè wá gẹ́gẹ́ bíi jàǹbá. Ohun tó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé wọ́n máa ń ránṣẹ́ síwájú kí wọ́n tó dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó pàdánù kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ó gbọ́, àmọ́ owó tó ti ná ti pọ̀ débi tí kò fẹ́ dá iṣẹ́ dúró.

ÌKÌLỌ̀ TÍ WỌN Ò KÀ SÍ

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, l'Ékòó, dà wó. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú. Fẹ́mi Ọ̀ṣìbọ́nà tó ń kọ́ ilé náà wà lára àwọn tó bá a lọ. Ilé yìí kò ṣàdédé wó. Lọ́dún 2020, iléeṣẹ́ onímọ̀ẹ̀rọ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kọ lẹ́tà pé àwọn yọwọ́, torí pé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àwọn aláṣẹ ní Èkó náà sọ pé àwọn ti dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ rí lọ́dún 2021 kan náà kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkìlọ̀ méjì ti dé kí ilé tó wó.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè Bangladesh. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza là. Báńkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa lọ sílé. Àwọn iléeṣẹ́ aránṣọ tó wà lókè ní kí tiwọn padà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, torí pé wọ́n ní ọjà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún àwọn oníbàárà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì náà ni ilé wó, tó sì pa èèyàn tó lé ní 1,100. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà, ògiri kan náà ni wọ́n sì rí. Ọ̀kan gbà láti pàdánù ọjà ọjọ́ kan, èkejì kò gbà.

Ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkòtún, l'Ékòó, tó wó ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, pa èèyàn 116, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa. Adájọ́ tó ṣèwádìí ohun tó pa wọ́n sọ lọ́dún 2015 pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ilé yìí àti ti Rana Plaza, ohun kan náà ló yọjú: wọ́n fi àjà kún ilé tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti kan oníṣòwò kékeré. Ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fi ọ̀kan ṣe ìsọ̀ tirẹ̀, ó sì fi mẹ́ta yòókù háyà. Ọdún díẹ̀ kọjá, ọjà ń tà, ó fẹ́ fi àjà kan lé e lórí. Ó bi ọ̀gá bíríkìlà, ìyẹn sì dá a lóhùn pé, "Ìyá, ẹ fọkàn yín balẹ̀, ìpìlẹ̀ yìí á gbé e." Àwọn tó háyà ṣọ́ọ̀bù kò kúrò nísàlẹ̀, torí pé ìyá kò fẹ́ pàdánù owó ilé, àwọn náà kò sì fẹ́ pàdánù oníbàárà. Bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré lókè ni wọ́n ń tajà nísàlẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ilé ilẹ̀ kì í ṣe ìpìlẹ̀ ilé alájà kan. Bíríkìlà tó gbówọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù kó gún régé, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ìwọ̀n tí ìpìlẹ̀ lè gbé. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ COREN ló lè wo ilẹ̀, ìpìlẹ̀ àti òpó, kó sì fọwọ́ síwèé pé ó lè gbé e tàbí kò lè gbé e. Bí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ lókè, kí ìsàlẹ̀ ṣófo. Owó ilé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí onílé pàdánù kò tó owó òkú kan, ká má tíì sọ ti ẹjọ́.

ILẸ̀ TÍ KÒ DÁ

Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìjà wà lórí rẹ̀, kì í ṣe owó ilẹ̀ nìkan ló ń lọ. Àwọn léébírà àti ọlọ́dẹ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, torí pé àwọn ni àwọn ajagungbalẹ̀ máa ń bá níbẹ̀. Onílé lè wà ní ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó mú ìwé sọ̀fè ilẹ̀ náà lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ilẹ̀ tí ìjọba bá sì ti yà sọ́tọ̀, kò sí rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ tó lè gbà á sílẹ̀.

Ìkejì ni ẹni tó tà á. Lórí ilẹ̀ ẹbí, ohun tí àwọn ilé-ẹjọ́ ti ń sọ látọjọ́ pípẹ́ ni pé bí àwọn ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láti tú u ká. Nítorí náà, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kó jọ fọwọ́ síwèé, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tí onílé mú wá fúnra rẹ̀ àti lọ́yà tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ìkẹta ni owó tí wọ́n máa ń bèèrè bí iṣẹ́ bá ti ń lọ: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kò bèèrè nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n ń ra ilẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ yanrìn àkọ́kọ́ bá dé ni wọ́n tó gbọ́ iye rẹ̀. Ọjọ́ ìrajà ló yẹ kí wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí ó wọ inú ìwé, kí ó sì ní rìsíìtì.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí ìjọba Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn ṣe lọ́dún 2016 sọ pé ẹni tó bá fi agbára gba ilẹ̀ onílẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 25 jura, bí ẹ̀mí bá sì bọ́ síbẹ̀, ìdájọ́ ikú ló wà níbẹ̀. Àmọ́ òfin kì í fúnra rẹ̀ rìn wá sórí ilẹ̀. Onílé tó bá ti mú ìwé rẹ̀ lọ han ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tó ti jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá mọ̀ pé iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó sì ní nọ́ńbà fóònù Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò náà lọ́wọ́, yóò rí ẹni ké sí kí ọ̀rọ̀ tó di ìjà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá halẹ̀, kí iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì kúrò níbẹ̀. Kò sí léébírà tí wọ́n gbà láti fi ara gba àdá.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé, èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ètò ìlú máa ń fúnni. Àwọn kan máa ń wò ó bí owó tí ìjọba fẹ́ gbà lásán. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí ni àwòrán ilé àti orúkọ ẹni tó yà á wà. Ilé tí wọ́n bá sì fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára pé kí iṣẹ́ dúró, kì í ṣe ọ̀dà ni kí onílé wá fi pa á rẹ́. Kó lọ gbọ́ ohun tí wọ́n rí.

OLÈ TÓ Ń JÍ AGBÁRA ILÉ

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lóòótọ́ ni olè ń ti ìta wá gbé wáyà, irin àti pákó lóru. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ onílé jù ni èyí tó ń lọ lójú ọ̀sán, láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀: àpò sìmẹ́ńtì méjì lónìí, irin mẹ́ta lọ́la.

Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé owó nìkan ni irú olè bẹ́ẹ̀ ń gbé lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnjiníà bá ní kí wọ́n fi àpò mẹ́fà da òpó kan, tí wọ́n sì fi mẹ́rin dà á, tí wọ́n ta méjì, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí i. Òpó náà yóò gbẹ, yóò dúró, wọn yóò sì rẹ́ ẹ lára. Ìgbà tí ẹrù bá gorí rẹ̀ ni àpò méjì tó sọnù yóò fara hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣọ́ sìmẹ́ńtì, kì í ṣe ọjà nìkan ló ń ṣọ́, ẹ̀mí àwọn tí yóò gbé inú ilé náà ló ń ṣọ́.

Oníṣòwò tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ní ìsọ̀ lè kà á níbi ìkọ́lé pẹ̀lú. Ìwé kékeré kan ti tó. Kí wọ́n kọ iye tó wọlé, iye tí wọ́n lò àti iye tó kù, lójoojúmọ́. Kí ẹni tó ń gba ọjà wọlé má jẹ́ ẹni tó ń kó o jáde. Kí àpò sìmẹ́ńtì tó ṣófo máa wà nílẹ̀ títí onílé yóò fi kà á.

Ìṣirò díẹ̀ náà wà tó rọrùn. Búlọ́ọ̀kù bíi mẹ́wàá ló ń wọ ògiri tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ògiri tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó ga ní mítà mẹ́ta, kò ní ju nǹkan bí 120 búlọ́ọ̀kù lọ, ká tiẹ̀ má yọ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní 170 ló wọ̀ ọ́, kí onílé bèèrè 50 yòókù.

Irin náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀pá irin mílímítà 12 kan tó gùn ní mítà 12 máa ń wọn kílò mẹ́wàá àti àbọ̀, ó lé díẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nǹkan bí 93 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ti mílímítà 16 jẹ́ nǹkan bí 52. Bí wọ́n bá ka 93 fún oníbàárà, àmọ́ tí ìwọ̀n kò pé tọ́ọ̀nù kan, irin náà tín-ín-rín ju ohun tí wọ́n pè é lọ. Kí onílé gbé ọ̀pá kan ṣoṣo sórí ìwọ̀n kó tó sanwó fún ọgọ́rùn-ún. Irin tó tín-ín-rín nínú dẹ́kìn kò yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì tí wọ́n jí.

Sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ní nọ́ńbà lára àpò. Lọ́dún 2014, àjọ SON sọ pé èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára, rírẹ́ ògiri ni kí wọ́n fi ṣe, pé 42.5 ni kí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò wà láti ọdún 1960, ibẹ̀ náà ni ti Ìbèṣè wà, nítorí náà sìmẹ́ńtì kì í wọ́n lójú ní Owódé. Àmọ́ pípọ̀ rẹ̀ kò sọ pé èyí tó yẹ ni wọ́n gbé wá. Kí onílé ka ara àpò.

Ní ti ìṣọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ibi ìkọ́lé ní, kí iná wà níbẹ̀ lóru, kí ọlọ́dẹ sì ní onídùúró tí wọ́n mọ ilé rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan yóò lò ni kí wọ́n rà wá, torí pé ọjà tó bá sùn síta fún oṣù méjì yóò rí oníbàárà tí onílé kò pè. Sìmẹ́ńtì tó bá sì sùn pẹ́ nílẹ̀ ọ̀rinrin yóò dì. Owó òṣìṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí àwọn onílé máa ń kó sínú báàgì dé orí ilẹ̀, kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí wọ́n san án sí àkáǹtì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Yóò gba onílé lọ́wọ́ adigunjalè, yóò sì tún jẹ́ ẹ̀rí pé ó sanwó.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí onílé máa yọ sí wọn lọ́jọ́ tí wọn kò retí rẹ̀. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

JÀǸBÁ TÓ Ń ṢẸLẸ̀ LÓJÚ Ọ̀SÁN

Ìṣubú láti òkè ló máa ń ṣáájú nínú ohun tó ń pa òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, ì báà jẹ́ ní Bírítéènì tàbí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ọparun ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń gùn ní Owódé. Ọparun kò burú, bó bá jẹ́ tuntun, tí okùn rẹ̀ le, tí pákó tí wọ́n ń dúró lé fẹ̀ dáadáa tí wọ́n sì kàn án mọ́lẹ̀. Èyí tó ti gba òjò ọdún méjì, tí wọ́n ti lò ní ilé mẹ́ta, igi ìdáná ni. Kí ọ̀pá kan wà ní ìbàdí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lókè tí yóò dá a dúró bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀. Kí wọ́n dí etí dẹ́kìn àti ojú àtẹ̀gùn tí wọn kò tíì parí. Akoto orí, bàtà tó le àti ìbọ̀wọ́ kì í ṣe fún ẹnjiníà tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nìkan. Léébírà tó wà nísàlẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù máa ń já lù.

Ilẹ̀ gbígbẹ́ náà ń pani ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan máa ń wọn tọ́ọ̀nù kan àti àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó wúwo ju mọ́tò kékeré kan lọ. Ẹni tó bá wà nínú kòtò ìpìlẹ̀ tàbí ti ṣálángá nígbà tí etí rẹ̀ bá já lé e lórí kò ní lè mí. Bí kòtò bá ti ń jìn ju mítà kan àti àbọ̀ lọ, ó yẹ kí wọ́n fi pákó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n gé etí rẹ̀ kó dà sẹ́yìn. Kí wọ́n má kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde sí etí kòtò. Bí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kànga ní ewu mìíràn. Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè má dára, èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ afamí tó ń lo bẹntiróòlù sì lè kún inú rẹ̀. Èéfín yìí kò ṣeé fojú rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé gbóòórùn dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú kànga, kí wọ́n má sì gbé e sí etí rẹ̀ nígbà tí èèyàn wà nísàlẹ̀. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá dákú, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fò sọ̀kalẹ̀ láti gbé e, kò sì ní jáde mọ́. Okùn gbọ́dọ̀ wà ní ìbàdí ẹni tó bá wọlé, kí àwọn tó wà lókè lè fà á. Bí kò bá sí okùn, kí wọ́n pe 112 àti àwọn panápaná, kí ẹnì kejì má wọlé.

Mítà 12 ni ọ̀pá irin kan gùn. Bí wọ́n bá gbé e dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná ńlá, kò dìgbà tó bá fara kàn án dáadáa kí iná tó mú ẹni tó dì í mú. Ilé tí wáyà bá ti gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, kí onílé kọ̀wé sí iléeṣẹ́ amúnáwá IBEDC kí wọ́n tó gbé irin kankan gòkè. Kò yẹ kí wọ́n kọ́lé sábẹ́ wáyà ńlá rárá.

Kọnkéré náà nílò sùúrù. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ẹ̀rọ fi ń wọn agbára rẹ̀. Ní ọjọ́ méje, ó lè jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára náà ló tíì ní. Ṣùgbọ́n nítorí pé igi àti pákó tí wọ́n fi gbé dẹ́kìn dúró máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n háyà, onílé máa ń fẹ́ tú u kíákíá kí owó má baà gun orí owó. Ẹnjiníà ló gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí wọn yóò tú u, kì í ṣe ẹni tó fi pákó háyà. Kí wọ́n sì má to búlọ́ọ̀kù àti àpò sìmẹ́ńtì jọ sójú kan lórí dẹ́kìn tuntun.

Ẹni kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé. Òun ni ìyá olóúnjẹ tó ń gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́sàn-án, tó tún pọn ọmọ sẹ́yìn. Oníṣòwò lòun náà. Kí wọ́n fún un ní ibi tó jìnnà sí ilé, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ bá a níbẹ̀, kó má máa gba abẹ́ ọparun kọjá láti wá owó rẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ ṢẸLẸ̀, TA NI YÓÒ SANWÓ?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé òṣìṣẹ́ tí àwọn kò bá ṣèwé fún kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tó wà fún owó ìtanràn òṣìṣẹ́ tó fara pa, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, ka ẹni tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ojúmọ́, ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sí àjọ NSITF. Bí ìyá tá a fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn bá ń san ₦300,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ lóṣù, ₦3,000 ni tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa tàbí tó kú, àjọ náà ni yóò gbé ìtọ́jú rẹ̀ àti owó tó tọ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ní iye: òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje.

Bí onílé bá gbé iṣẹ́ fún kọ́ńtírátọ̀, kó bèèrè ìwé ẹ̀rí NSITF lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fún un lówó àkọ́kọ́.

Ti iléeṣẹ́ adójútòfò náà wà. Òfin Ìdójútòfò ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ ṣe ìdójútòfò fún ewu tó lè bá àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ìta. Òfin tuntun ti gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2025, nítorí náà kí onílé bèèrè ohun tó kan ilé tirẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò tó ní ìwé àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kódà bí ilé kò bá ga tó èyí tí òfin fi dandan lé, ògiri tó bá wó lu ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò yóò ṣì di gbèsè sí onílé lọ́rùn.

ÌBÉÈRÈ MÉJE KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀

Kí oníṣòwò jókòó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí ọkọ̀ yanrìn àkọ́kọ́ tó dé:

1. Ṣé wọ́n ti yẹ ìwé sọ̀fè wò ní Òkè-Mọ́sàn, ṣé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí sì ti fọwọ́ síwèé?

2. Ṣé ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti jáde, ṣé iye àjà tó wà nínú rẹ̀ sì ni iye tí wọ́n fẹ́ kọ́?

3. Ta ni ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀, ṣé ó sì ń wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da kọnkéré?

4. Ta ló ń kọ iye sìmẹ́ńtì, irin àti búlọ́ọ̀kù tó wọlé àti èyí tí wọ́n lò?

5. Ṣé akoto orí, bàtà, okùn àti àpótí ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, ṣé wọ́n sì mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù?

6. Ṣé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF, ṣé ìwé adójútòfò sì wà?

7. Ta ló ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ẹnì kan bá rí ohun tó dẹ́rù bà á?

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Léébírà tó kéré jù níbẹ̀ ló lè kọ́kọ́ rí i pé ògiri là, pé etí kòtò ń já, tàbí pé igi abẹ́ dẹ́kìn tẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ tí wọ́n jágbe mọ́ ọn pé kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní sọ ọ́ mọ́. Onílé tó bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lójú ọ̀gá bíríkìlà, pé ẹnikẹ́ni lè pè òun lórí fóònù, pé òun kò sì ní yọ owó ọjọ́ náà bí iṣẹ́ bá dúró nítorí ewu, ti ra ìṣọ́ tí kò sí ọlọ́dẹ tó lè fún un.

Ní Rana Plaza, báńkì tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ògiri là pàdánù ọjà ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì sùn sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ kejì.